Awò Dúdú Lọ́jọ́ Kùrukùru

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Èrèlé

Ọ̀nà ṣì dí. Ọjọ́ kẹta rèé tí yìnyín ya lulẹ̀ láti orí òkè, tó sì bo títì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá afárá. A dúpẹ́ pé kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀ nígbà tó ya. Kò sẹ́ni tó lè wọ abúlé wa, Oberfalz, kò sẹ́ni tó lè jáde. Irínwó àlejò ló há mọ́ wa lọ́wọ́. Àbí àwa la há mọ́ wọn lọ́wọ́ — mi ò mọ èwo ni kí n mú.

Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Wọ́n ti òkè ńlá pa, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn abúlé nìkan ló ṣí, síbẹ̀ gbogbo wọn ló fẹ́ yá síkì láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Orí mẹ́tàdínlógójì ni mo dé àṣíborí fún lónìí. Mo kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń tún sọ látàárọ̀: ẹ dé e, ẹ má tíì de okùn rẹ̀, ẹ tẹ orí ba, ẹ gbọn orí. Tó bá já bọ́, kì í ṣe tiyín. Ìka méjì ni kó wà láàárín irun ojú yín àti etí àṣíborí. Kí awò ojú sì kan àṣíborí lókè. Bí awọ iwájú orí bá yọ láàárín àwọn méjèèjì, fèrèsé nìyẹn, òtútù á gba ibẹ̀ wọlé, àwọn ọmọ abúlé á sì fi yín rẹ́rìn-ín títí ẹ ó fi délé. Ẹ má gbé awò sórí àṣíborí tí ẹ bá ń làágùn, oorú ara yín á bò ó. Ẹ má nu inú rẹ̀. Rárá, ẹ ò lè dé fìlà sábẹ́ rẹ̀. Rárá, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Baba Onífìlà jókòó sídìí káńtà, ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Korbinian ni orúkọ rẹ̀, bàbá ọkọ mi ni, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló ni ilé tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù, òun ni gbogbo wa sì ń bẹ̀rù. Fìlà onírun àgùntàn rẹ̀ kì í kúrò lórí, nílé lóko. "Ogójì ọdún ni mo fi yọ̀ lórí òkè yìí pẹ̀lú fìlà," ló ń sọ fáwọn àlejò. "Orí mi ṣì wà níbi tí ìyá mi gbé e sí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá wojú mi bóyá àwọn lè bọ́ àṣíborí náà sílẹ̀.

Ohun kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Vinzenz wọlé lágogo mẹ́sàn-án kó tó lọ pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọkọ mi, olùkọ́ síkì, ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó na ọwọ́ sínú àpótí awò, ó mú Dúdú. Kùrukùru wà níta, èèyàn ò rí ṣọ́ọ̀ṣì! Dúdú wà fún oòrùn. Ọlọ́sàn, èyí tí gíláàsì rẹ̀ dà bí omi ọsàn, ni à ń wọ̀ lọ́jọ́ kùrukùru, òun ló ń jẹ́ kí a rí ibi tí ilẹ̀ ti wú àti ibi tó ti jìn. Ọmọ ọdún márùn-ún ní Oberfalz mọ èyí. Mo ní, "Vinzenz, ṣé o ti di àlejò ni?" Ó fà á bojú, ó jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Kùrukùru. Ó tún mú Dúdú.

Ọjọ́rú, 6

Ó wọ awò dúdú wá sídìí oúnjẹ àárọ̀. Nínú ilé. Baba Onífìlà wò ó títí, ó ní, "Vinzenz, ṣé orí búrẹ́dì lo fẹ́ yọ̀ ni?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Vinzenz náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ àwàdà fún. Ó ní ojú ń ta òun. Ó ní ìtànṣán yìnyín ló jó òun lójú.

Ìtànṣán wo? Ó di ọjọ́ mọ́kànlá tí a ti rí oòrùn kẹ́yìn. Èmi ni mo ń yáni ní awò. Mo mọ ohun tó ń jó ojú, mo sì mọ ohun tí kì í jó o.

Nígbà tó yá ó nawọ́ sí ìkòkò kọfí. "Burgl, bá mi gbé... bá mi gbé ìyẹn." Mo ní kí ni ìyẹn? Ó ní, "Ìyẹn. Tí wọ́n fi ń dà." Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo gbé ṣúgà fún un láti fi dá a lóhùn eré. Ó da ṣúgà sínú ife.

Nǹkan mìíràn tún nìyí. Àṣíborí tó dé lọ síbi iṣẹ́, ti ṣọ́ọ̀bù ni, nọ́ńbà mọ́kàndínlógún. Mo béèrè pupa tirẹ̀, èyí tí mo rà fún un nígbà tó pé ogójì ọdún. Ó ní òun yá ẹnì kan. Ta ni? "Ẹnì kan ṣá." Ní Oberfalz yìí! Ibi tí mo ti mọ iye ìbọ̀sẹ̀ tí oníkálukú ní.

Inú mi ò dùn. Mo fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n àlejò mẹ́rin ti ń kanlẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 7

Kíákíá ni mo ń kọ èyí. Ẹ̀yìn káńtà ni mo wà, Baba Onífìlà ti lọ sùn ọ̀sán.

Marloes dá àṣíborí padà láàárọ̀. Tíṣà ni, ará Netherlands, ó ga bí òpó, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń dún dé títì. Láti ọjọ́ tí ọ̀nà ti dí ló ti ń wá bá mi sọ̀rọ̀, nítorí kò sí ohun tí yóò ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní, "Burgl, nǹkan yìí ń jó lórí mi bí ọmọrí ìkòkò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń fara dà á." Mo ní ta ló fún yín? Ó ní bàbá tó ń jókòó sídìí káńtà yẹn ni, nígbà tí mo lọ jẹun.

Mo yí i padà kí n wo nọ́ńbà rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Àṣíborí ọgọ́ta ni mo ní. Kò sí mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Mo ṣí aṣọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn etí òsì, fóòmù ti fọ́ pẹlẹbẹ, ó sì sán gùn débi pé èékánná mi wọ inú rẹ̀. Ìta ń dán, kò ní ju ìlà kékeré kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń rí. Fóòmù ló ń jẹ ìyà tí orí ìbá jẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì lè jẹ ẹ́. Àṣíborí tó bá ti forí gbá nǹkan nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ayùn ni mo fi ń gé e sí méjì kí n tó jù ú sí ààtàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i gbé lọ. Mo fi ọ̀bẹ họ ìwé nọ́ńbà náà. Àmì ilé ẹ̀kọ́ síkì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Pupa Vinzenz ni.

Ọwọ́ Baba Onífìlà ló kọ nọ́ńbà yẹn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó rí i nílẹ̀, tí ìwà ahun rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jù ú nù.

Mo fún Marloes ní nọ́ńbà méjìlá. Mo parọ́ fún un pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n lásán ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé òkú nǹkan kiri lórí, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo pe Vinzenz wọ yàrá tí a ti ń tún síkì ṣe. Mo gbé àṣíborí náà sórí tábìlì. Ó wò ó. Ó fa àga jókòó, ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni. Ó ti rán akẹ́kọ̀ọ́ tó kẹ́yìn lọ sílé. Òun nìkan ló gba Ọ̀fun sọ̀kalẹ̀, ibi tóóró tó wà láàárín àpáta méjì. Síkì rẹ̀ gé, ó sì fi ẹ̀yìn orí gbá irin tó gbé ẹ̀rọ tó ń tú yìnyín dúró. Mo ní ṣé ó dákú? Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní, "Nígbà tí mo lajú, yìnyín ti bo bàtà mi."

Ọlọ́run mi.

Láti ìgbà náà, ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú bí abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ń sá mọ́ òun lẹ́nu. Ọwọ́ òsì ń kú tipiri láàárọ̀. Ìdí tó fi ń wọ Dúdú nìyẹn. Kò rí ilẹ̀ tó ń yọ̀ lé lórí, ó ń fi ẹsẹ̀ wá a ni, bí afọ́jú tó ń wá àtẹ̀gùn. Pẹ̀lú àwọn àlejò lẹ́yìn rẹ̀!

Mo mọ ìdí tó fi dákẹ́, kò pọn dandan kó sọ ọ́, àmọ́ ó sọ ọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn ló kọ́kọ́ forí gbá ilẹ̀. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ nígbà náà kọ ọ́ sínú ìwé pé tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí ó má yọ̀ mọ́ láéláé. Gasser, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ síkì, ń fẹ̀yìntì lọ́jọ́ Àjíǹde, Vinzenz ló sì fẹ́ fi ipò náà lé lọ́wọ́. Ogún ọdún ló ti ń retí rẹ̀. "Burgl, tí mi ò bá yọ̀ mọ́, kí ni mo wá jẹ́? Ṣé kí n wá máa gbọn yìnyín kúrò ní bàtà àlejò lọ́dọ̀ Bàbá ni?"

Ohun tí èmi ń ṣe láti ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Kò mọ̀ pé ohun tí òun sọ nìyẹn. Ó dùn mí wọ egungun.

Ó mú mi búra. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ọ̀nà bá ti ṣí, àwa méjèèjì á wa ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá Innsbruck, a ó wá dókítà tí kò mọ̀ wá. Òun náà búra: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré nìkan, kò ní gòkè.

Mo búra. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Wọ́n ní ó di Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ kí ọ̀nà tó ṣí. Yìnyín tún ń bọ̀.

Ohun tí Vinzenz gbàgbé lónìí: orúkọ ajá aládùúgbò. Àpótí tí ṣíbí ń wà. Pé ìyá rẹ̀ ti kú.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Vinzenz bì lẹ́yìn ìsìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, níṣojú gbogbo èèyàn. Ó ní sọ́séèjì àná ni. Gbogbo wọn gbà á gbọ́, wọ́n sì ń bú ẹni tó ta sọ́séèjì.

Mo tọ Baba Onífìlà lọ. Ìbúra tàbí kò sí ìbúra, bàbá rẹ̀ ni. Mo ní, "Bàbá, ara Vinzenz ò yá." Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó mọ̀! Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ̀. Ó rí i bó ṣe ń wọ́ bọ̀ wálé pẹ̀lú aṣọ tó ya. Òun fúnra rẹ̀ ló nu àṣíborí náà, òun ló lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, òun ló gbé e sáàárín àwọn tèmi. "Ta ló máa wá àṣíborí láàárín àṣíborí?" Ìgbéraga wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ẹ tún wá gbé e yá obìnrin kan. Ó ní èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní ọmọ yín lè kú. Ó ní, "Èmi náà ṣubú, Burgl, ju bó o ṣe lè kà lọ. Ta ló gbé mi tọ dókítà lọ? Iṣẹ́ tàwọn yẹn ni láti gbé ọkùnrin sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Kí ni kí n sọ? Abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mò ń sùn.

Kò tán síbẹ̀. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, Gasser pe Vinzenz lórí fóònù. Àga ìgòkè ti àárín òkè, èyí tí okùn irin ń fà gòkè, máa ṣiṣẹ́ lọ́la. Àlejò mẹ́jọ tó mọ síkì dáadáa fẹ́ gòkè, Vinzenz ni kó kó wọn lọ. Vinzenz ní, "Ó dáa." Ọbẹ̀ ò tíì tutù. Mo fi ẹsẹ̀ ta á lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Tí mo bá kọ̀, á béèrè ìdí."

Ọ̀nà dí. Ilé dí. Ẹnu mi dí. Ibi tí mo bá kọjú sí, ògiri ni.

Ọjọ́ Ajé, 11

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má baà tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀la.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago méje ààbọ̀. Kùrukùru funfun bíi wàrà. Mo ronú pé: mi ò lè sọ̀rọ̀, mi ò lè dè é mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láìsí Dúdú, kò lè la ojú níta. Dúdú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Àlejò tó bá ti wọlé, Dúdú ni mo fún un. Àwọn tó ní Ọlọ́sàn tẹ́lẹ̀, mo gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Mo ní oòrùn máa yọ kó tó di ọ̀sán. Mo ní kí wọ́n dáàbò bo ojú wọn. Wọ́n gbà, nítorí èmi ni mo mọ̀. Bàbá kan tó ní irunmú ńlá, ará Belgium, béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Ti Vinzenz gan-an ni mo gbé fún un.

Marloes wọlé. Mo dúró díẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Mo fún un.

Vinzenz dé lágogo mẹ́sàn-án. Ó na ọwọ́ sínú àpótí. Kò bá Dúdú kankan níbẹ̀. Ó wo pẹpẹ, ó wo mí. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa yá Dúdú jáde lónìí ní gbogbo Oberfalz, àfi wèrè tàbí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀. "Burgl, níbo ni wọ́n wà?" Mo ní, "Mo ti yá wọn tán." "Lónìí?" "Lónìí." Ó mú Ọlọ́sàn, ó fà á bojú, ó jáde. Mo ń wò ó lójú fèrèsé. Ìṣísẹ̀ márùn-ún. Ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó yí padà wọlé, ó ń táràrà wá ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sórí àga ìwọ-bàtà pẹ̀lú aṣọ ìnura lójú.  Àwọn mẹ́jọ rẹ̀ dúró dè é títí, Gasser sì rán ẹlòmíràn.

Mo rò pé mo ti borí. Inú mi tilẹ̀ dùn. Jẹ́ kí n kọ ìyẹn náà.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ará Belgium ló ṣáájú, yìnyín kún irunmú rẹ̀. "Ìyá, mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi!" Wọ́n ń ju awò sórí káńtà. Baba Onífìlà pariwo mọ́ mi níwájú gbogbo wọn: "Dúdú nínú kùrukùru! Ṣé ọpọlọ rẹ ti jò ni? Ewúrẹ́ mi ò lè ṣe irú èyí!" Mo dúró, mo gba gbogbo rẹ̀. Mo ń ka awò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọ̀kan ò tíì dé.

Marloes ti já sínú kòtò tí kò rí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fọ́ níbi méjì. Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe kùrukùru. Èmi ni.

Ọ̀sán gan-an ni Dókítà Prantner wọlé, yìnyín ní bàtà. Òun nìkan ni dókítà tó há mọ́ abúlé, kì í sì kí èèyàn kó tó bá a wí. "Burgl, àwọn tó ṣubú lónìí ti tó márùn-ún lọ́dọ̀ mi, gbogbo wọn ló ní Dúdú ló wà lójú àwọn. Ọmọ Oberfalz ni ọ́. Kí ló ṣe ọ́?"

Mo ti búra. Mi ò lanu. Mo kàn yí ojú mi sí àga ìwọ-bàtà.

Ó tẹ̀lé ojú mi. Ó rí olùkọ́ síkì tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù lásìkò iṣẹ́, tí aṣọ ìnura bo ojú rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Vinzenz, ọjọ́ wo ni òní?" Ó ní Sátidé. Oṣù wo? Ó ronú, ó ronú. Ó ní Ṣẹ́rẹ́. Dókítà gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí i, Vinzenz sì kígbe. Mi ò gbọ́ igbe rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Dókítà dìde, ó rọ ohùn sílẹ̀: "Burgl, ọjọ́ mélòó?"

Mo ní, "Mẹ́tàlélógún." Mo gbé àṣíborí náà jáde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, ti oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti ti ọdún méjì sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ o. Vinzenz gbọ́ ọ. Baba Onífìlà pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì gòkè lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Vinzenz wà ní ilé ìwòsàn kékeré Dókítà Prantner, níbi tí bẹ́ẹ̀dì méjì péré wà. Dókítà ní òun gbà pé ẹ̀jẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ sáàárín egungun orí àti ọpọlọ, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Innsbruck ti ṣe tán, wọ́n ń dúró dè é. Hẹlikọ́pítà ò lè fò nínú kùrukùru. Ọ̀nà ò lè ṣí. Mo ní kí ni ká ṣe? Ó ní ká máa wo ojú ọ̀run.

Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni Dókítà ń jí i, ó ń ní kó fún ọwọ́ òun pọ̀. Ọ̀tún ń fún. Òsì ò fún mọ́. Kò yíjú sí mi.

Marloes ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ọwọ́ rẹ̀ nínú simẹ́ńtì. Ó kọ́kọ́ bá mi ṣàwàdà, ó ní, "Awò wo ni kí n wọ̀ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀?" Mo sọ fún un pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo sọ ìdí rẹ̀. Mo tún sọ ti àṣíborí mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó kọjú sí ògiri. Nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó ní kí n bá òun ṣí ìgò omi. Mo ṣí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago mẹ́ta: Vinzenz pẹ́ kó tó jí. Aago mẹ́rin: ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 13

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú ọ̀run là. Mo gbọ́ hẹlikọ́pítà kí n tó rí i.

Oòrùn lórí yìnyín tuntun, gbogbo ibi ń kọ mànà. Wọ́n gbé Vinzenz jáde lórí ibùsùn, ó sì ń ké, ó ń yí orí. Dúdú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò rántí mú ẹyọ kan dání! Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì bo ojú rẹ̀. Mo ń fẹ̀gbẹ́ sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, afẹ́fẹ́ hẹlikọ́pítà ń gbá mi, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ń rìn ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó dákẹ́ igbe. Ẹnì kan pariwo sí mi létí pé kò sí àyè fún mi. Wọ́n yọ ọwọ́ mi, wọ́n de aṣọ sí i lójú, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mi ò tíì lè gbé ọwọ́ mi sómi.

Ọjọ́bọ̀, 14

Wọ́n lu ihò sí orí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó wà láàyè. Wọ́n ní tó bá pẹ́ di òní ni, kò ní ṣeé ṣe.

Mo kígbe ìròyìn náà sókè látẹ̀gùn. Baba Onífìlà sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì, ó jókòó síbẹ̀, ó bọ́ fìlà. Ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò rí orí rẹ̀ rí. Ó pá pátápátá, ó kéré, àpá méjì sì wà lórí rẹ̀. Ó fi fìlà nu ojú. 

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Fóònù ṣọ́ọ̀bù dún lágogo mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní ọkọ mi ti jí, ó sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kí n má jẹ́ kó pẹ́.

Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò! Ó pè mí ní Burgl, kò wá orúkọ náà. Ó ní ọwọ́ òsì òun ti ń gbéra. Mo di káńtà mú, mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

Ó wá béèrè ohun tó ṣe òun. Kò rántí. Kò rántí Ọ̀fun, kò rántí irin, kò rántí ìbúra, kò rántí ọjọ́ Ajé. Ohun tó gbẹ̀yìn lọ́kàn rẹ̀ ni oúnjẹ ọdún tuntun. Wọ́n sọ fún un pé ẹnì kan láti Oberfalz ti ro gbogbo rẹ̀ fún dókítà, ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì. Ìwé ti wà nílẹ̀. Kò ní yọ̀ lórí yìnyín mọ́, kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

"Burgl, ta ni? Gasser ni àbí Bàbá? Ó ní ẹni tó bínú sí mi. Ogún ọdún, Burgl! Bá mi wádìí rẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo lè bi, torí mo mọ̀ pé ìwọ ò lè tà mí láéláé."

Baba Onífìlà dúró níwájú mi, ó ń gbọ́. Ó mi orí sí mi: má sọ ọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, inú rere ló fi ṣe é, mo rí i. Mo lè dákẹ́. Kò rántí nǹkan kan, ẹnì kankan nínú ilé yìí ò sì ní sọ ọ́ fún un. Mo lè máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ayé, kí n máa tọ́jú ẹnu mi bí ẹni tó ń gbé omi gbígbóná kiri.

Mo ní, "Èmi ni, Vinzenz. Èmi ni mo tà ọ́."

 Mo rò pé ó máa gbé fóònù sílẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ó ń mí dáadáa, léraléra. Èmi náà kò gbé tèmi sílẹ̀.